Orúkọ Tí Kò Gba Ẹnu Ìyàwó Ilé

"Má mí sí i," ni Múfútáù wí. "Èémí rẹ gbóná jù láàárọ̀ yìí."

Mosúnmọ́lá sún sẹ́yìn. Múfútáù ti tú ojú Ẹ̀rọ Ìpè sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi òwú tí ó rẹ sínú sípírítì nu etí rẹ̀. Etí náà kò tó èékánná ìka kékeré. Awọ kan ni, ó fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà lọ, irin tín-ín-rín kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń mọ ooru. Awọ ń gbọ́ ohùn. Irin ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀fun alààyè ni ohùn náà ti jáde. Láti ọdún tí àwọn gbájú-ẹ̀ ti fi ohùn àdàmọ̀dì ta ìdajì ilẹ̀ ìlú Ẹ̀bádò, kóòtù kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ènìyàn pè mọ́. Ènìyàn ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Iṣẹ́ Mosúnmọ́lá nìyẹn, ó sì ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Yóò pe orúkọ sí etí ẹ̀rọ, ẹ̀gbà tí ẹni náà fi sọ́wọ́ yóò dún níbi yòówù tí ó bá wà, ẹni náà yóò sì dáhùn láti inú àgọ́ ìdáhùn tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?" ni ó bi í.

"Nǹkan kan kò ṣe é. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ." Múfútáù gbé òwú kalẹ̀. "Ìyẹn gan-an ni kò dára. Jókòó ná."

"Mo ti jókòó."

"O tún ti dìde."

Òtítọ́ ni. Láti ọjọ́ méje ni ìdí rẹ̀ kò ti gba àga. Ní ilé, yóò gbá ilẹ̀ tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀, yóò pọnmi títí ìkòkò yóò fi kún àkúnya. Nísinsìnyí ó ku ogún ìṣẹ́jú kí Ìgbìmọ̀ Ìwà Òṣìṣẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ti ka pákó ilẹ̀ yàrá náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Múfútáù mú abẹ́rẹ́ kan láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ṣóńṣó rẹ̀ sún mọ́ awọ náà, kò fi kàn án.

"Wò ó, Màdáámù Ohùn. Bí mo bá ha ibí yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́wàá tí o bá pè, mẹ́ta ni yóò gbọ́. Wọn yóò ní kí n tú u wò lójú wọn. Màá wo ojú rẹ. Bí o bá mi orí, màá ha á, màá sì ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Wọn kò tilẹ̀ ní dé ibi kíka ẹ̀sùn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kí ni wọn yóò fi ẹ̀rọ ṣe?"

"Wọn yóò dì í, wọn yóò gbé e lọ sí olú-ilé-iṣẹ́."

"Fún oṣù mélòó?"

Múfútáù yí abẹ́rẹ́ náà láàárín ìka. "Èyí tí a gbé lọ lọ́dún èṣí, oṣù mẹ́jọ."

"Ìdájọ́ tí a ti fi í dá ńkọ́?"

"Yóò wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi dá ẹ̀rọ padà. O mọ òfin yìí jù mí lọ, kí lo ń bi mí sí?"

"Ọ̀túnla ni wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Múfú."

"Ilé ṣe é tún kọ́!" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ohùn tí wọ́n bá yọ ńkọ́? Ṣé o rí Lábọ̀dé?"

Ta ni kò rí Lábọ̀dé? Òjíṣẹ́ kóòtù ni tẹ́lẹ̀. Ó gba ẹ̀gúnjẹ, ó sọ fáìlì kan nù, wọ́n sì yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ ìjọba. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ omi kò mọ̀ ọ́n mọ́, ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n, fóònù kò mọ̀ ọ́n, ilé ìwòsàn ní kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì dúró ti ẹ̀rọ omi pé kí ẹni tí ń kọjá bá òun sọ̀rọ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn ṣàánú rẹ̀. Ní báyìí, ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Lábọ̀dé, sún ná, mo ń kánjú."

Mosúnmọ́lá lọ sí ojú fèrèsé, ó padà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, ẹjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n yọ lójú ẹ̀rọ, orúkọ tí ó wà níbẹ̀ sì ni orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mosúnmọ́lá ti wọ ilé Láníhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, ìyá ọkọ rẹ̀ to gbogbo ilé síwájú rẹ̀, àtàgbà àtọmọ ọwọ́, ó ní, "Gbogbo ẹni tí o rí yìí, o bá wọn níbí ni. Ọkọ rẹ ni wọ́n." Mosúnmọ́lá sì sọ olúkúlùkù wọn lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rere ti ń ṣe. Ọmọdébìnrin tí eyín rẹ̀ mọ́ di Eyínfúnjowó. Àkọ́bí ilé, tí ó ga bí òpó iná, di Agùntáṣọọ́lò. Láti ìgbà náà, odò ti gbé ìdajì ìlú lọ, wọ́n ti kọ́ ìlú mìíràn sórí òkè, ọkọ rẹ̀ ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní oko oòrùn tí ń pèsè iná mànàmáná lókè Ọya. Orúkọ àbísọ àkọ́bí ilé kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí, àní nínú àlá.

Lára ògiri kóòtù, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: OHÙN KÓÒTÙ KÒ NÍ ẸBÍ. Adájọ́ lè yẹra fún ẹjọ́ ẹbí rẹ̀. Olùpè kò lè yẹra, torí pé òfin ní ohùn lásán ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, Mosúnmọ́lá mí sínú, ó la ẹnu. "Agùntáṣọọ́lò," ni ó jáde.

Iná pupa tàn. *Orúkọ yìí kò sí.*

Ó tún un pè. Agùntáṣọọ́lò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di etí tábìlì mú, ó ní "Oyè..." ahọ́n rẹ̀ sì ká jọ bí ẹni jẹ orógbó. Agùntáṣọọ́lò náà ló tún jáde.

Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ̀rọ fi ń dúró de olùpè. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnì méjì yóò tàn. Funfun túmọ̀ sí *Mo pè é, kò jẹ́.* Dúdú túmọ̀ sí *N kò lè pè é.* Bí o bá tẹ dúdú, ẹjọ́ di ọ̀la, wọn yóò sì fi àmì kan sínú fáìlì rẹ. Ẹni tí ó bá gba àmì mẹ́ta lọ́dún kan, iṣẹ́ ti bọ́. Mosúnmọ́lá ti gba méjì nígbà ọyẹ́, nígbà tí ikọ́ dì í lọ́fun.

Ó tẹ funfun.

Kí ó tó gbé ìka kúrò, ìdájọ́ ti já. Ẹni tí wọ́n pè kò jẹ́. Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ọ̀nà-Omi, tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànáà gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, jẹ́, wọ́n sì jàre. Wọn yóò wó ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Agùntáṣọọ́lò ti jókòó sí àgọ́ ìdáhùn láti agogo méje àárọ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ẹ̀pà dání, ó ń wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé lálẹ́, ó dúró lójú agbo ilé, ó ní, "Wọn ò mà pè mí o." Mosúnmọ́lá ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń ṣa á lọ.

---

Agùntáṣọọ́lò ni ó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó ti wọ dàǹṣíkí tí ó fi ń lọ sí ìpàdé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ó wí, ó kúnlẹ̀.

"Dìde, ìyàwó wa, dìde. Ṣé o ti jẹun?" Ó tẹ ara rẹ̀ síwájú. "Má bẹ̀rù ohunkóhun. Nígbà tí mo lọ fẹjọ́ sùn pé wọn ò pè mí, mo ti sọ fún wọn pé ìwọ kọ́. Ẹ̀rọ burúkú yẹn ni."

Ì bá sàn kí ó gbá a létí.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sí ìgbìmọ̀. Alága ni Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń kánjú wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá wà lápá òsì. Wọ́n gbé Ẹ̀rọ Ìpè kalẹ̀ láàárín.

"Ọ̀gbẹ́ni Múfútáù," ni alága wí, "tú u. Ṣé ó ń gbọ́, àbí kò gbọ́?"

Múfútáù tú ìdè mẹ́rin, ó ṣí ojú ẹ̀rọ. Mosúnmọ́lá rí ibi tí abẹ́rẹ́ ti yọ díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Múfútáù gbé ojú sókè sí i.

Ó yẹ kí Mosúnmọ́lá mi orí. Ohun tí ó fẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀ kò mì í.

"Ẹ wò ó dáadáa o!" ni Agùntáṣọọ́lò ké láti ìjókòó iwájú. "Ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kẹ́ẹ jù sẹ́wọ̀n!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Múfútáù ṣì ń wo Mosúnmọ́lá, òógùn ti bo imú rẹ̀.

"Ó ń gbọ́, mà," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀sùn mi."

Múfútáù di ojú. Ó ní, "Ó ń gbọ́, mà. Kò sí nǹkan tó ṣe é," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dì í padà.

Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "O mọ̀ pé bí o bá kà á tán, tí o sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu wa kò ní lè gbà ọ́ mọ́?"

"Mo mọ̀, mà."

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni yóò ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí etí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀rọ kò bá gbọ́, kíkà náà di asán. Wọ́n gbé ìwé náà fún un.

"Èmi, Mosúnmọ́lá Láníhùn, olùpè kejì ní kóòtù Ẹ̀bádò, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, mo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ kóòtù pé mo pe..."

Iná àwọ̀ ewé ń dúró. Ó di pupa.

"Tún un kà," ni alága wí.

Ó tún un kà. Ó dé "mo pe", ó dúró. Iwájú ni ẹni tí ó ni orúkọ jókòó sí, ó ń wò ó.

"Kí ló dé?" ni ọ̀dọ́kùnrin náà bèèrè. "Ṣé kò mọ̀wé kà ni?"

Agùntáṣọọ́lò dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé kò ní dìde tán. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyàwó wa."

"Sà."

"Kí lo pè lọ́jọ́ yẹn?"

"Agùntáṣọọ́lò, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Agùntáṣọọ́lò kò rẹ́rìn-ín.

"Mo jókòó sínú àgọ́ yẹn títí ìdí fi ń ta mí. Mo délé, mo ní wọn ò pè mí. O ń ṣa ẹ̀wà! O gbọ́ mi, o ń ṣa ẹ̀wà. Láti ọjọ́ méje ni mo ti ń di ẹrù, ìwọ lo bá mi so okùn." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ṣé torí pé ò ń bọ̀wọ̀ fún mi ni wọ́n ṣe máa wó ilé mi? Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?"

"Bàbá, ẹ jókòó," ni alága wí.

"N ò jókòó! Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ!"

"Ẹ má pè é ní ọ̀wọ̀, sà." Mosúnmọ́lá kò mọ ìgbà tí òun náà ti gbé ohùn sókè. "Ahọ́n mi ló kọ̀ láti pè yín, ìyẹn kò tó ẹ̀ṣẹ̀. Bọ́tìnì dúdú wà níbẹ̀. Bí mo bá tẹ dúdú, wọn yóò tún yín pè lọ́jọ́ kejì. Funfun ni mo tẹ̀. Ọ̀wọ̀ kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣọ́. Mo purọ́, mo sì wá sílé wá wo ojú yín."

Agùntáṣọọ́lò fi fìlà nu ojú, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀rọ.

"Ó dáa. Pè é," ni ó wí. "Pè é kí gbogbo wọn gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ nílé, wí pé èmi ni mo ní kí o pè é."

Mosúnmọ́lá gbé ìwé súnmọ́ ojú. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dé "mo pe", kò dúró, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dúró, ó tán.

"...Oyèkànmí Láníhùn, kò sì jẹ́, nígbà tí n kò pè é."

Iná àwọ̀ ewé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ Agùntáṣọọ́lò dún gooro, ó sì fò bí ẹni tí agbọ́n ta.

"Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" ni alága bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi orí kan orí. Kò pẹ́. Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi wo ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, kò wo Mosúnmọ́lá.

"Ọdún méje ni òfin wí. O kà á fúnra rẹ, a sì rí ẹ̀rọ wa gbà padà láìbàjẹ́." Ojú rẹ̀ yà sí ìka Múfútáù díẹ̀. "Mo yọ mẹ́rin. Ohùn rẹ yóò kúrò fún ọdún mẹ́ta. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni olú-ilé-iṣẹ́ ń yọ ohùn, agogo mẹ́rin òní ni tìrẹ. Ẹjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ti ṣí padà láti ìsinsìnyí lọ. Olùpè kìíní dà?"

"Ibà ló ń ṣe é, mà," ni Múfútáù wí. "Ó wà nílé."

"Ohùn ta ló wà nínú ẹ̀rọ nígbà náà?"

Gbogbo wọn yí ojú sí ibì kan náà.

"Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́bi?" ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

"Títí di agogo mẹ́rin, òun ni ohùn kóòtù," ni alága dáhùn, ó sì dìde.

---

Mosúnmọ́lá pe Oyèkànmí Láníhùn níwájú Adájọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ Agùntáṣọọ́lò dún, ó jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì pariwo: "Mo wà níbí, n ò sì lọ síbì kankan!" Adájọ́ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, ó gbọ́ ti àwọn Ọ̀nà-Omi, ó bi wọ́n pé àwòrán ilẹ̀ dà, wọn kò mú un wá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé náà fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Agùntáṣọọ́lò dé fìlà. Bí ó ti ń kọjá lẹ́bàá ẹ̀rọ, ó dúró díẹ̀.

"A ó sọ̀rọ̀ nílé," ni ó wí.

Kò ṣeé mọ̀ bóyá inú ń bí i síbẹ̀. Ó ti lọ.

Ẹjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù. Mosúnmọ́lá ń pè wọ́n lórí ìdúró, àga wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá, orúkọ máa ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá bí omi gba ọ̀pá ni. Lónìí, ó ń gbọ́ olúkúlùkù wọn. Láàárín ẹjọ́ kan àti èkejì, ó ń ro ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kí agogo mẹ́rin tó lù: omi tí kò pọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbà. Ní àkókò ìsinmi, ó sáré lọ síbi fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀. Kò gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ yóò dí lóko oòrùn ní irú àkókò yẹn.

"Èmi ni," ni ó sọ sílẹ̀ fún un. "Láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa pè mí. Èmi kò ní lè pè ọ́ mọ́. Kí ó má jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Pè mí." Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Múfútáù gbé omi wá fún un. "Alága yẹn rí abẹ́rẹ́," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rò pé èmi ni wọ́n tún máa fẹ̀sùn kàn."

"Sọ abẹ́rẹ́ nù, Múfú."

"Mo ti jù ú sínú ṣaláńgá." Ó wo aago. "Mu omi. Ó ku wákàtí kan."

Ẹjọ́ ojúlé méjì tí ń jà lórí àgbàrá ni wọ́n fi lo àkókò tí ó kù. Àwọn ará ilé méjì ń bú ara wọn láti inú àgọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Adájọ́ ń lu tábìlì. Nígbà tí wọ́n parí, ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù. "Ó ku ẹyọ kan," ni Adájọ́ wí. "Yára pè é."

Mosúnmọ́lá tẹ̀ síwájú, ó mí sínú, ó pè é bí ó ti yẹ kí wọ́n pe ènìyàn:

"Fẹ̀híntọlá Ọ̀pádòkun."

Iná pupa. *A kò mọ ohùn yìí.*

Ó wo aago. Agogo mẹ́rin ni. Ó ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ẹni tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Adájọ́ wo ẹ̀rọ, ó wo Múfútáù, Múfútáù wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó kàn. Kò sí bọ́tìnì kankan tí ó tàn.

"Mo gbọ́ o!"

Ohùn náà wá láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan ni, ó ti jókòó sórí àpótí tí ó gbé wá láti ilé, láti àárọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ní kí ó lọ sí àgọ́ ìdáhùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun kì í bá ògiri sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í pé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ dà, ó ní ó ń yún òun lára, òun ti jù ú sínú agolo ìrẹsì. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀.

Mosúnmọ́lá tún orúkọ náà pè nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin wí. Kò kọjú sí ẹ̀rọ mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ni ó kọjú sí.

"Fẹ̀híntọlá Ọ̀pádòkun."

*A kò mọ ohùn yìí.*

Ìyá náà ti dé àárín gbọ̀ngàn, àpótí ń lù ú nítan. Ó wo iná pupa tí ó ń tàn, ó wo Adájọ́ tí kò tíì sọ̀rọ̀, ó wo gbogbo wọn yí ká.

"Obìnrin yìí pè mí, mo sì ní mo gbọ́," ni ó wí. "Ta lẹ tún ń retí?"